Òru Là Ń Mú Páìpù Tó Ń Jò: Ìtọ́sọ́nà fún Àdúgbò n'Ìbàdàn

Bí páìpù bá bẹ́ lójú títì, tí omi ń tú sókè, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́. Ọlọ́kadà á yà bàrá, àwọn ọmọ á sáré gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, ẹnìkan á sì pe ẹni tó mọ̀ níléeṣẹ́ omi. Kó tó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, wọ́n ti dí i. Ìyẹn kọ́ ló ń jẹ wá run. Èyí tó ń jẹ wá run ni ihò bíńtín tó wà lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, tó ti ń jò láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí tí ojú kankan ò rí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ihò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 2 péré, lára páìpù tí omi inú rẹ̀ ń ti orí òkè tó ga ní mítà 20 bọ̀, á máa da nǹkan bí lítà 134 nù ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ kan, ó lé ní 3,200 lítà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bíi 128. Bí omi bá wà nínú páìpù náà tọ̀sán tòru fún ọdún kan, ihò yẹn nìkan á ti da lítà tó lé ní mílíọ̀nù kan nù. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù ojú títì tó bẹ́, tó ń da lítà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì tún ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì: kò ju nǹkan bí 518,400 lítà lọ. Kò tó ìdajì ti ihò bíńtín. Ọjọ́ tí omi fi jò ló ń pa wá lówó, ju bí ó ṣe ń pariwo tó lọ. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo ń kọ síbí ò ju bí ẹ ó ṣe tètè mọ̀, tètè rí i, tètè dí i.

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ni mí, ní àdúgbò kan tí páìpù ìjọba ti pẹ́ nílẹ̀, tí àwa fúnra wa sì gbẹ́ bóhòòlù, tí a gbé táńkì sórí irin, tí a fi páìpù pín omi rẹ̀ wọ ilé mẹ́rìnlélógún. Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu pọ́ńbà wa, àti èyí tí ojú mi rí, ni ẹ ó bá pàdé níbí.

Ohun kan nípa ìlú wa tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn

Omi ìjọba tó ń wọ Ìbàdàn, ibi méjì pàtàkì ló ti ń wá: Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀nà ní 1942, àti Àṣejìre lórí odò Ọ̀ṣun, tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Kí omi tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti fi álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè sílẹ̀, wọ́n ti sẹ́ ẹ, wọ́n ti fi kilorínì sí i, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ tì í gun òkè. Omi tó bá jò lọ́nà, owó ti wọlé sí i lára kó tó jò. Bóhòòlù tiwa náà bẹ́ẹ̀ ni: ẹ bi ẹni tó ń ra dísù tí ẹ̀rọ ń mu.

Ìbàdàn ò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ti fẹsẹ̀ rìn láti Òkè Màpó sọ̀kalẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí páìpù bá fi mítà 10 sọ̀kalẹ̀, agbára tí omi fi ń tì í láti inú á fi báà kan (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára omi) lé sí i. Ilé tó wà lókè á máa kígbe pé omi ò gun tápù, ilé ìsàlẹ̀ á máa pààrọ̀ tápù lóṣooṣù. Orí páìpù kan náà ni wọ́n wà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ wá ibi tó ń jò, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá fáàfù yín rí

Kò sí bí a ṣe fẹ́ wá ohun tí a ò mọ ibi tó gbà. Ẹ ya àwòrán páìpù àdúgbò yín sórí ìwé ńlá: ibi tó ti kúrò ní táńkì tàbí lára páìpù ìjọba, ibi tó ti yà, bó ṣe fẹ̀ tó, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ilé tó wọ̀, àti ibi tí fáàfù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn irin tí a fi ń ti omi tí a sì fi ń ṣí i, wà. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi, àti pọ́ńbà àtijọ́ bó bá ṣì wà láyé. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀, torí orí wọn nìkan ni máàpù náà wà.

Fáàfù kan wà tí a wá fún Sátidé méjì. Bàbá kan ní ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná, òmíràn ní wọ́n ti da ọ̀dà lé e. A gbẹ́ ihò mẹ́rin lásán. Níkẹyìn, ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì nígun títì ló rí wa tí a ń làágùn, ló ní, “Bàbá Akọ̀wé, kí lẹ sọ nù gan-an? Ṣé irin pupa bàyìí ni? Ó wà lábẹ́ tábìlì mi níbí o. Òun ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀ tábìlì dúró.” A gbé tábìlì kúrò, fáàfù rèé, ó ti dípẹtà. Ìyá tún wá fi kún un pé, “Ilẹ̀ ibí kì í gbẹ sí mi lẹ́sẹ̀, àní nínú ọyẹ́.” A rẹ́rìn-ín, a kí i, a lọ. Ẹ ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe padà wá bá wa.

Bí ẹ bá ti rí fáàfù, ẹ tì í, kẹ́ ẹ tún ṣí i, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó ń dí omi lóòótọ́. Fáàfù tí kò dí mọ́ ò wúlò fún iṣẹ́ tó kàn. Ẹ fi gírísì sí i lára, kẹ́ ẹ fi kọnkéré mọ ọn yí ká, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí ìdérí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọn omi lóru

Lọ́sàn-án, gbogbo èèyàn ń lo omi. Ẹ ò lè mọ èyí tí wọ́n lò yàtọ̀ sí èyí tó jò. Láàárín aago 2 sí 4 ìdájí ni ènìyàn ń sùn jù. Omi tó bá ń rìn nínú páìpù lásìkò yẹn, ó yẹ kẹ́ ẹ bi í pé níbo ló ń lọ. Ọ̀nà tí àwọn iléeṣẹ́ omi ńlá káàkiri àgbáyé ń gbà náà nìyí. Wọ́n á pín ìlú sí agbo-agbo, wọ́n á fi mítà omi sẹ́nu ọ̀nà agbo kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa wo iye tó wọlé lóru.

Àwa ò ní mítà ńlá. Táńkì wa la fi wọ̀n ọ́n. Bí a ṣe ṣe é nìyí. A kéde lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú pé láti aago 11 alẹ́ sí aago 4 ìdájí, kí onílé kọ̀ọ̀kan ti fáàfù ẹnu ilé rẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí, torí bí táńkì ilé ẹnìkan bá ṣì ń gbà omi lóru, ẹ ó máa wá ihò tí kò sí. A pọn omi kún táńkì, a pa ẹ̀rọ. Rọ́bà funfun tí a ń rí inú rẹ̀ ni a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ táńkì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, omi inú rẹ̀ á dúró síbi tí omi inú táńkì dúró. A fi máákà sàmì sí i ní aago 11. Ní aago 4, omi ti fi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí tápù o.

Táńkì wa fẹ̀ ní mítà 2 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹ mú ìdajì ìbú rẹ̀, ìyẹn 1, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi 0.18, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 18 tí a sọ di mítà, sọ ọ́ di púpọ̀. Ó jẹ́ 0.565; ẹ fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di lítà, ìyẹn lítà 565 ní wákàtí márùn-ún. Lítà 113 ní wákàtí kan. Lójúmọ́, ó lé ní 2,700. Nígbà tí mo ka iye yìí nípàdé, akápò wa, Alhaji, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Àbí dísù tí mo ń ra ni ẹ ń kà yẹn?”

Bó bá jẹ́ omi ìjọba nìkan lẹ ní, ẹ dúró de alẹ́ tí omi wá. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ti gbogbo tápù inú ilé, kó sì wo mítà omi rẹ̀ bó bá ní. Bí abẹ́rẹ́ kékeré inú rẹ̀ bá ṣì ń yí, inú ilé ni ọ̀ràn wà. Ẹ kíyè sí i pé afẹ́fẹ́ náà ń yí mítà bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣàn dáadáa. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ wò: ẹ da ife zobo kan sínú táńkì tó wà lẹ́yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀, kẹ́ ẹ má fọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Bí àwo bá ti pupa, rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ má dá mi lẹ́bi pé mo fi zobo ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan

Lọ́sẹ̀ kejì, a tún jí. Ẹ̀ka mẹ́ta ni páìpù wa ní. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣí, omi ń fi sẹ̀ǹtímítà 3.6 lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan. A ti ẹ̀ka kẹta, èyí tó jìnnà jù. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó lọ sílẹ̀ ní 3.4. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. A ti ẹ̀ka kejì, ìyẹn ẹ̀ka tí fáàfù abẹ́ tábìlì bọ̀ọ̀lì wà lórí rẹ̀. Ó di 0.6. Ẹnìkan pariwo ní ìdájí yẹn débi pé ajá gbó. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a ti mọ ojú ọ̀nà tí omi wa ń gbà lọ.

Láti ìkángun ni kẹ́ ẹ ti máa tì í bọ̀ sí ìdí táńkì, kí ẹ sì kọ iye wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí oorun bá ń kunni, orí ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi etí, ojú àti ẹsẹ̀ wá a

Ẹ mú ọ̀pá irin gígùn kan. Ẹ fi orí kan lé fáàfù tàbí páìpù tó hàn síta, kẹ́ ẹ fi etí lé orí kejì, ní òru tí ọkọ̀ ò sí. Omi tó ń jáde nínú ihò á máa ṣe “ṣíìì” láìdákẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn ni ariwo rẹ̀ ń le sí i. Páìpù irin máa ń gbé ohùn jìnnà. Onírọ́bà kì í gbé e, ohùn á kú sínú rẹ̀ kó tó rìn mítà mélòó kan. Bí páìpù yín bá jẹ́ onírọ́bà, ojú ni kẹ́ ẹ gbára lé, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì dára jù láti lò ó. Ẹ máa wo koríko tó tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo koríko tó kù ti gbẹ. Ọ̀dà títì tó rì díẹ̀díẹ̀. Gọ́tà tí omi tó mọ́ gaara ń ṣàn nínú rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá omi ìjọba ni tàbí omi ìsun, ẹ fi oògùn tí wọ́n fi ń yẹ kilorínì odò ìwẹ̀ wò. Bó bá yí àwọ̀ padà, omi ẹ̀rọ ni. Bí kò bá yí, kò tíì túmọ̀ sí pé omi ẹ̀rọ kọ́, torí kilorínì máa ń tán lọ́nà.

Ẹ wo ibi tí páìpù ilé kọ̀ọ̀kan ti yà kúrò lára páìpù ńlá. Ibẹ̀ ni omi fẹ́ràn láti máa jò jù, pàápàá bó bá jẹ́ pé ọmọṣẹ́ kan ló fi irin gbígbóná lu páìpù lálẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ sì wo àwọn páìpù kéékèèké tó gba inú gọ́tà kọjá. Mo kórìíra wọn. Bí omi bá wà nínú wọn, wọ́n á máa jò síta. Bí omi bá ti lọ, tí inú páìpù ṣófo, wọ́n á máa fa omi gọ́tà wọlé láti ojú ihò kan náà. Nígbà tí omi bá tún dé, tápù àkọ́kọ́ tó bá ṣí ló máa mu ún. Ọ̀nà tí kọ́lẹ́rà ń gbà wọlé nìyẹn. Bó ṣe wù kí owó kéré tó, ẹ gbé páìpù kúrò nínú gọ́tà, kẹ́ ẹ gbé e gba òkè rẹ̀ nínú irin tó nípọn.

Fún tiwa, a ò gbẹ́ jìnnà. Bẹ́ ẹ bá rántí, ìyá oníbọ̀ọ̀lì ti sọ fún wa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Gbígbẹ́ àti dídí

Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ṣọ́bìrì, bẹ́ ẹ bá ti sún mọ́ páìpù. Ẹ bèèrè bóyá wáyà iná tàbí ti fóònù gba ibẹ̀. Bí ihò bá jìn ju àyà lọ, ẹ fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ilẹ̀ tó ti mu omi máa ń ya lójijì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ pọ́ńbà kì í ṣe rèé: ẹ má ti omi pa pátápátá kí ẹ tó rí ihò náà gbangba. Ẹ jẹ́ kó máa jáde díẹ̀, kí omi ẹrẹ̀ má baà wọ inú páìpù. Bẹ́ ẹ bá ti gbẹ́ ìsàlẹ̀ páìpù kúrò dáadáa, tí ẹrẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nígbà náà ni kẹ́ ẹ tì í.

Ẹ má fi tíúbù kẹ̀kẹ́ wé e. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la ti ṣe é rí. Tiwa náà, tíúbù la bá lórí rẹ̀, ìpele mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀rá nylon àti wáyà, tí ẹnìkan wé síbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ò mọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni omi ti ń jò jẹ́jẹ́. Ẹ gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí gígé rẹ̀ gún régé, kẹ́ ẹ fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi gọ́ọ̀mù páìpù sí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dé ọjọ́ kejì kí omi tó padà wọlé. Àwọn aládùúgbò á bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Kẹ́ ẹ tó so ó pọ̀, ẹ fi bílíìṣì nu inú àti ẹnu páìpù tuntun. Bí wọ́n bá kọ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sára ìgò, ẹ fi ife omi méjì àbọ̀ là ife kan rẹ̀. Ẹ má da oògùn ìfọ̀gbọ̀nsẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn láé, èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn.

Yanrìn ni kẹ́ ẹ fi tẹ́ ìsàlẹ̀ páìpù, kẹ́ ẹ tún fi bò ó, kí òkúta má kàn án. Lẹ́yìn náà ẹ da ilẹ̀ pupa lé e níwọ̀nba níwọ̀nba, kẹ́ ẹ máa gún un mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá níbẹ̀, ó yẹ kí ilẹ̀ tó wà lórí páìpù tó sẹ̀ǹtímítà 90. Lẹ́bàá ògiri, 60 tó. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ ṣàn dànù títí á fi mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dín agbára omi kù

Èyí ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́, torí gbogbo wa la fẹ́ kí omi máa ya bí ìjì. Bí agbára omi bá dín kù sí ìdajì, ohun tó ń jáde lójú ihò lára irin á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín kù. Lára rọ́bà tó la, ó máa ń dín kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú ihò náà á pa dé díẹ̀. Páìpù náà ò sì ní tètè bẹ́ mọ́. Bí táńkì yín bá ti gbé omi dé ilé tó ga jù, ẹ má gbé e ga sí i. Fún àwọn ilé ìsàlẹ̀, ẹ fi fáàfù tó ń dín agbára omi kù sẹ́nu ẹ̀ka wọn.

Ẹ kọ́ ẹni tó ń ṣí omi pé kó máa rọra. Bí a bá ti fáàfù pa lẹ́ẹ̀kan náà, omi tó ń sáré bọ̀ á gbá páìpù bí òòlù. Ẹ jẹ́ kó ka oókan dé ọgọ́ta kó tó tì í tán, bẹ́ẹ̀ náà bó bá ń ṣí i.

Bó bá jẹ́ páìpù ìjọba ló ń jò

Ẹ má gbẹ́ ẹ fúnra yín. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ kọ́kọ́ rí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n á fi mọ ibẹ̀, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ omi tó sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ sì gba àmì pé wọ́n gbà á. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé àdúgbò méjì tàbí mẹ́ta tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀ lágbára ju ariwo lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe. Ní Phnom Penh, olú-ìlú Kàm̀bódíà, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún omi wọn ni kò mówó wọlé ní 1993. Ó ń jò, wọ́n sì ń jí i. Kó tó di 2010, ó ti sọ̀kalẹ̀ sí bíi 6. Wọ́n fi mítà sí gbogbo ilé, wọ́n pààrọ̀ páìpù tó gbó, wọ́n sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde lójú ẹsẹ̀ bí ìpè bá ti dé, lọ́sàn-án àti lóru.

Bí ẹ bá ti tún un ṣe tán, tí omi sì ti padà wọlé, ẹ tún un wọ̀n lóru. Àwa náà jí ní aago 4 ìdájí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Sẹ̀ǹtímítà 18 ti di 4. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì ti gbé tábìlì rẹ̀ padà, ó ní ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, àmọ́ fáàfù ò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì mọ́, búlọ́ọ̀kù la rà fún un. Sẹ̀ǹtímítà 4 tó kù yẹn, ẹ̀ka kìíní ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ jí wá a.